Ẹni Tí Ejò Bù Jẹ Rí

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kọ nǹkan síbí. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tán; ọ̀rọ̀ kan ni ó há mi lọ́fun, tí n kò mọ ibi tí n ó ti mú un. Lónìí, mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá." Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yìí, ẹ̀rín ni ó sì máa ń pa mí, nítorí pé àgbàlagbà tí ń sá fún ekòló ni mo máa ń rí lójú inú mi. Ó pẹ́ kí n tó ṣe àkíyèsí pé òwe náà kò fi ẹni yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé ejò ti bù ú jẹ. Ẹ̀rù náà ní ìdí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ni ti àìsàn tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní PTSD. Ìnira ọkàn ni, tí ó máa ń bá àwọn kan jà lẹ́yìn tí ojú wọn bá ti rí ikú tàbí ìwà ipá. Ó ti pẹ́ tí àríyànjiyàn ti wà lórí rẹ̀: èwo ni ojúlówó, èwo ni àbùmọ́, ta sì ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ní in? Mo ti dá sí àríyànjiyàn náà rí nínú ilé tiwa, n kò sì ṣe dáadáa. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi há mi lọ́fun.

Ọjọ́ Àìkú kan ní Èkó

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 2002, iná ràn mọ́ ibi tí àwọn ọmọ ogun ń kó àdó olóró pamọ́ sí ní bárékè wọn ní Ìkẹjà. Àwọn àdó olóró náà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Ilẹ̀ mì, gíláàsì fèrèsé fọ́, ojú ọ̀run pọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ṣọ́jà tún fẹ́ gbàjọba ni. Àwọn mìíràn rò pé ogun ti dé. Gbogbo ènìyàn ń sá, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí òun ń sá lọ. Ọ̀pọ̀ wọn gba ọ̀nà Ìsọlọ̀, wọ́n sì dé ibi kánáàlì Òkè-Àfà nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Ewéko ti bo ojú omi náà. Nínú òkùnkùn, ó dà bí ilẹ̀ koríko lásán. Wọ́n sáré wọ inú rẹ̀. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn ń ti àwọn tí ó wà níwájú. Àwọn tí ó kú lé ní 1,000, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Omi ni ó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, kì í ṣe àdó olóró.

Mafolúkù ní Òṣòdì ni ilé wa wà nígbà náà. Ìbàdàn ni èmi wà, mò ń kàwé. Ìyá wa lọ sí ìpàdé ẹbí ní Agége. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, nìkan ni ó wà nílé, ó sì bá àwọn ará àdúgbò sá.

Orí rédíò ni mo ti gbọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Nígbà tí mo dé, ìyá wa ń ti ilé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn, ó ń ṣí aṣọ lójú òkú ọmọ ọlọ́mọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a rí àbúrò mi, ní ilé obìnrin kan tí a kò mọ̀ rí ní Ìsọlọ̀. Aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó wà lọ́rùn rẹ̀. A dúpẹ́, ìyá wa yí mọ́lẹ̀ gbirigbiri. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ ti parí.

Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ẹni tí ó sùn dáadáa nínú ilé wa. Bí ilẹ̀kùn bá dún gbàmù, gbogbo wa a fò sókè. Èmi tí n kò sí níbẹ̀ pàápàá ń lá àlá omi. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, tèmi lọ. Ti ìyá wa náà lọ. Ti àbúrò mi kò lọ.

Kò jẹ́ gba ọ̀nà tí omi wà mọ́. Òórùn gọ́tà lásán a máa mú un bì. Lóru, a máa ta jí, a máa fi ọwọ́ gbá afẹ́fẹ́ bí ẹni tí ń lúwẹ̀ẹ́. Ọmọ tí ó máa ń ṣe ipò kìíní ní kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìwé bí ẹni pé ara ògiri ni ó ń wò. Ó sọ fún ìyá wa pé òun kò rò pé òun yóò dàgbà. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n fún un ní oògùn ibà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin tí a padà lọ, oògùn ibà náà ni. A gbàdúrà, a gbààwẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, ó ku ọ̀la Kérésìmesì, àlejò kún ilé wa. Àwọn ọmọ àdúgbò ń ju bángà. Bí ọ̀kan ti dún lẹ́bàá fèrèsé, àbúrò mi ti wà lábẹ́ tábìlì. Àwo fọ́, ọbẹ̀ dànù, àwọn àlejò ń wo ara wọn lójú. Ojú tì mí, mo sì sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ṣé ìwọ nìkan ni ó sá lọ́jọ́ yẹn ni? Àwọn tí ó kú ńkọ́? Ọdún keje rèé! Dìde níbẹ̀ o jàre."

Ó dìde. Ó gbọn aṣọ rẹ̀ nù. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bùọ̀dá mi," ó sì wọ yàrá lọ. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Láti ọjọ́ náà, kò tún bá mi sọ nǹkan kan mọ́ nípa rẹ̀.

Ní ọdún 2014, ìyá wa pè mí lórí fóònù. Ó ní àbúrò mi ti dá lọ sí ilé ìwòsàn àwọn oníṣègùn ọpọlọ, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, dókítà sì sọ fún un pé PTSD ni. Mo ní, "Àìsàn àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà? Lẹ́yìn ọdún 12?" Kí n má purọ́ fún yín: kì í ṣe nítorí kí n lè ràn án lọ́wọ́ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rí ni mò ń wá, pé àṣejù ni.

Ẹni tí yóò sanwó

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni pé àríyànjiyàn náà dàgbà ju orúkọ PTSD lọ. Ní ọdún 1866, oníṣẹ́ abẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Eric Erichsen, tẹ ìwé kan jáde nípa àwọn tí ọkọ̀ ojú irin ní jàǹbá pẹ̀lú wọn. Àwọn kan wà nínú wọn tí a kò rí ọgbẹ́ kan lára wọn, síbẹ̀ wọn kò lè sùn, ara wọn ń gbọ̀n, iṣẹ́ wọn dáwọ́ dúró. Erichsen gbà pé ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ni ó mì. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè ń san owó gbà-máà-bínú fún ẹni tí ó bá fara pa. Ní ọdún 1883, oníṣẹ́ abẹ mìíràn, Herbert Page, dá a lóhùn. Ó ní kì í ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn, ìpayà ni. Ilé iṣẹ́ rélùwéè kan ni Page ń bá ṣiṣẹ́.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Ẹni tí ó ń jẹun lọ́dọ̀ àwọn tí yóò sanwó ni ó ń sọ pé ẹ̀rù ni. Síbẹ̀ kí á má ṣe ṣe àìtọ́ sí i: nípa ti ara, òun ni ó sún mọ́ òótọ́ jù. Ìpayà nìkan lè dá ènìyàn gúnlẹ̀ láìsí pé egungun kan yẹ̀. Ohun tí ó kù ni pé kí á mọ̀ pé "ìpayà ni" àti "kò sí nǹkan kan" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Èmi kò mọ̀ ọ́n ní ọdún 2009.

Ogun Àgbáyé Kìíní dé. Ní ọdún 1915, dókítà Charles Myers kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, *The Lancet*, nípa ohun tí wọ́n ń pè ní shell shock: àwọn ọmọ ogun tí wọn kò ríran dáadáa mọ́, tí wọn kò sùn, tí ara wọn ń gbọ̀n rìrì. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi pín àìsàn kan náà sí ọ̀nà méjì. Bí àdó olóró bá bú nítòsí rẹ, wọn a kọ W sí orúkọ rẹ. O ti fara gbọgbẹ́ lójú ogun nìyẹn, o lè gba ọ̀ṣọ́ àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì. Bí kò bá bú nítòsí rẹ, wọn a kọ S; aláìsàn lásán ni ọ́. Ara tí ń gbọ̀n kò yàtọ̀. Lẹ́tà kan ni ó yàtọ̀.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ rí lẹ́tà kankan gbà. Àwọn 306 ni wọ́n yìnbọn pa nínú ogun náà, nínú àwọn ọmọ ogun Bírítéènì àti ti àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé wọ́n sá lójú ogun, tàbí pé wọ́n ṣojo, tàbí fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2006, òfin kan jáde tí ó dárí jì wọ́n. Ní Staffordshire, àwọn òpó dúró lónìí gẹ́gẹ́ bí ìrántí wọn. Kò sí ẹni tí ó lè sọ mọ́ pé iye báyìí nínú wọn ni ìpayà ti kọjá agbára wọn, iye báyìí ni ó kàn sá. Oníbéèrè ti pa ẹni tí ì bá dáhùn.

Ìtàn kan wà nínú Ogun Àgbáyé Kejì tí ó dá mi dúró nígbà tí mo kà á. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1943, ní erékùṣù Sicily, ọ̀gágun Amẹ́ríkà náà, George Patton, wọ ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun lọ ní ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì gbá ọmọ ogun kan létí ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ó ní ojo ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì wò dáadáa, wọ́n rí i pé ibà wà lára rẹ̀. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Ẹni tí ibà ń ṣe, wọ́n ní ojo ni. Ẹni tí ìpayà ń ṣe nílé tiwa, wọ́n ní ibà ni.

Bí ilẹ̀kùn náà ti fẹ̀ tó

Ogun Vietnam ni ó mú orúkọ tí a mọ̀ lónìí wá. Ní ọdún 1972, dókítà Chaim Shatan kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn *New York Times* nípa ohun tí ojú àwọn ọmọ ogun tí ó ti ibẹ̀ dé ń rí. Òun, Robert Jay Lifton àti àwọn ọmọ ogun náà fúnra wọn kò sinmi. Ní ọdún 1980, Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn Ọpọlọ Ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi PTSD sínú ìwé atọ́nà wọn, ẹ̀dà kẹta rẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni pé ó yí ẹ̀bi padà. Dípò kí wọ́n máa bi ọmọ ogun pé "Irú ènìyàn wo ni ọ́?" wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé "Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ọ?"

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ibi tí a ó gbé ilẹ̀kùn náà dé ni ìjà ti wà. Ìwé ti ọdún 1980 sọ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ènìyàn. Àwọn obìnrin onímọ̀ béèrè pé: ìfipábánilòpọ̀ ńkọ́? Ìyà tí ọkọ ń fi jẹ aya nínú ilé ńkọ́? Ó kúkú wọ́pọ̀! Ṣé wíwọ́pọ̀ rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ó ṣe ni léṣe? Nígbà tí ìwé náà tún jáde ní ọdún 1994, wọ́n ti yọ gbólóhùn náà kúrò.

Ilẹ̀kùn fẹ̀. Ní ọdún 2001, ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan fi hàn pé ìdá 44 nínú 100 àwọn àgbàlagbà orílẹ̀-èdè náà ni ó ní ó kéré tán àmì kan tí ó lágbára nínú àwọn àmì ìdààmú ọkàn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn kò rí i ju orí tẹlifíṣọ̀n lọ. Àwọn kan ní: ẹ kíyè sára, ìbànújẹ́ kì í ṣe àìsàn. Richard McNally, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, wà lára àwọn tí ó kìlọ̀ pé bí a bá ń fi gbogbo ìnira sábẹ́ orúkọ kan, orúkọ náà yóò di àwẹ̀ tí kò gba ẹja kankan mú mọ́. Ní ọdún 2013, ìwé náà tún yí padà: ẹni tí ó wo àjálù lórí tẹlifíṣọ̀n kò ní í wọlé, àfi bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó mú un wò ó. Ẹni tí ó gbọ́ pé ikú gbígbóná fẹ́ pa ọmọ rẹ̀ tàbí ẹbí rẹ̀ tímọ́tímọ́ lè wọlé.

Nígbà tí mo ka ibi yìí, mo ka ilé wa sínú rẹ̀. Àbúrò mi wà nínú omi: ó wọlé. Ìyá wa gbọ́ pé ọmọ òun ti sọnù níbi tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti kú: òun náà wọlé. Èmi náà, bí mo bá fẹ́, mo lè wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kọ́ ni ìyẹ̀wù. Ìwé náà tún béèrè pé: ṣé ìṣẹ̀lẹ̀ náà ń padà wá bá ọ lójú àlá àti lójú ìran? Ṣé o ń yẹra fún ohun tí yóò rán ọ létí? Ṣé ìrònú rẹ nípa ara rẹ àti nípa ayé ti ṣókùnkùn? Ṣé ara rẹ ń wà lójúfò nígbà gbogbo? Ṣé ó ti lé ní oṣù kan, tí ó sì ń dí ọ lọ́wọ́ láti gbé ìgbé ayé rẹ? Ọ̀rẹ́ mi kan ti sọ fún mi rí pé èmi náà ní PTSD, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n kò fi sùn. Ó dùn mọ́ mi díẹ̀, kí n sọ òótọ́; ó jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tèmi lọ fúnra rẹ̀, bí ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ṣe máa ń lọ lẹ́yìn àjálù. Bí a bá fún èmi àti àbúrò mi ní orúkọ kan náà, kí ni a ó fi mọ ẹni tí ó nílò dókítà?

Àwọn tí wọ́n ń bẹnu àtẹ́ lu PTSD pàápàá ní ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí á gbọ́. Ní ọdún 2001, oníṣègùn ọpọlọ Derek Summerfield kọ̀wé nínú *British Medical Journal* pé òṣèlú àti ẹgbẹ́ àwùjọ ni ó gbé àìsàn yìí dìde tó bí ìmọ̀ ìṣègùn ti ṣe, àti pé kò yẹ kí á máa sọ ìyà tí ogun fi jẹ ènìyàn di àìsàn inú orí. Ó tún ṣàtakò sí bí wọ́n ti ń gbé e lọ bá àwọn ènìyàn tí wọ́n ní ọ̀nà tiwọn láti fara da àdánù. Nígbà tí mo kà á, mo ní, "Ohun tí mò ń wá nìyí!" Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kà á lọ ni mo ń rí ọwọ́ tí ń gbá afẹ́fẹ́ lóru. Àbúrò mi kò kàn ń banú jẹ́. Ọ̀fọ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú àṣà wa, a ń sunkún, a ń ṣe ìsìnkú, ọkàn a sì balẹ̀. Tirẹ̀ kò ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kan náà ni ó ń mọ́ ọn lójoojúmọ́.

Ìwádìí kan wà tí mo ka sí bí ìdájọ́ àgbà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà sọ pé ìdá 30.9 nínú 100 àwọn ọkùnrin tí ó jagun ní Vietnam ni ó ti ní PTSD rí. Àwọn kan ní irọ́ ni, ó pọ̀ jù. Ní ọdún 2006, Bruce Dohrenwend àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un yẹ̀ wò pẹ̀lú àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ogun. Iye náà wá sílẹ̀ sí ìdá 18.7. Ẹ̀rí pé àwọn ọkùnrin náà ń díbọ́n kò sì tó nǹkan. Ẹ ríi pé ẹni tí ó ní ó pọ̀ jù kò jẹ̀bi, ẹni tí ó ní òótọ́ ni kò sì jẹ̀bi.

"Ń" kan ṣoṣo

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ibi tiyín nìyí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù kò wọ́n wa: ìfòyà, ìpayà, ìdágìrì, jìnnìjìnnì. Àyà a máa já, ọkàn a máa pòrúurùu. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀nyí ń sọ ti ẹ̀rù tí ó ní ìparí. Kí ni a ó pe ẹ̀rù tí ohun tí ó fà á ti lọ, tí òun kò lọ? Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Mo ti gbìyànjú "àṣẹ́kù ìpayà", ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn tán. Ohun tí ó ṣẹ́ kù máa ń kéré sí ti àkọ́kọ́. Tirẹ̀ kò kéré.

Ẹ wo ẹ̀rún ọ̀rọ̀ kékeré kan nínú èdè wa, "ń". Bí mo bá ní "mò ń sáré", ẹ kò tíì mọ̀ bóyá ìsinsìnyí ni tàbí àná. "Lánàá, mò ń sáré." "Wò ó, mò ń sáré." Ọ̀rọ̀ àkókò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó ń sọ fún ẹni tí ń gbọ́. Nígbà tí àbúrò mi wá ń sọ ìtàn rẹ̀ fún mi nígbẹ̀yìn, ó ní, "Omi ń wọ̀ mí lẹ́nu. Wọ́n ń tì mí. Mò ń pe Màámi." Kò sí ọ̀rọ̀ àkókò kankan níbẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé ohun tí dókítà òun ń bá òun ṣe láti oṣù mélòó kan ni pé kí òun máa sọ ìtàn náà léraléra, díẹ̀díẹ̀, títí tí òun yóò fi lè fi "lọ́jọ́ náà" sí i níwájú, kí ara sì gbà á gbọ́.

Ó tún sọ fún mi ìdí tí ó fi dá lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má baà sọ pé wọ́n ti gbé e lọ sí Àrò. Ní ẹnu wa, èébú ni Àrò. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní Àrò ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Adéoyè Lámbò fi han ayé pé aláìsàn ọpọlọ lè máa gbé ní abúlé tí ó wà láyìíká ilé ìwòsàn, kí ẹbí rẹ̀ máa gbọ́únjẹ fún un, kí ó sì máa lọ gba ìtọ́jú ní ojúmọmọ. Ó fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Ohun tí Lámbò mọ̀ ni pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ nílò ẹbí tí kò lé e kúrò lábẹ́ tábìlì.

Òkè-Àfà

Ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 2022, tí ó pé ogún ọdún, àbúrò mi ní kí n sin òun lọ sí Òkè-Àfà, níbi òkúta ìrántí àwọn tí ó kú. Kò tíì dé ibẹ̀ láti ọjọ́ náà. A dúró. Kò wo omi náà ní ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí ó wò ó, ó sọ fún mi bí òun ti jáde. Ó ní òun tẹ nǹkan rírọ̀ kan mọ́lẹ̀ nínú omi láti fi gòkè, òun sì mọ̀ pé ilẹ̀ kọ́. Ọmọ ọdún 14 ni.

Mo wá rí ohun tí gbogbo ìwé tí mo kà kò sọ fún mi. Ilé iṣẹ́ rélùwéè béèrè bóyá òótọ́ ni, nítorí pé àwọn ni yóò sanwó. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun béèrè, nítorí pé wọ́n nílò ọkùnrin níwájú. Ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ kò burú. Ó yẹ kí á máa bi í, kí orúkọ náà má baà di ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń béèrè kọ́kọ́ yẹ ọwọ́ ara rẹ̀ wò. Gbèsè tèmi ni pé n kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Bí ìnira rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ohun kan ṣẹlẹ̀ sí i tí èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè gbà á sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ó rọrùn fún mi láti sọ pé àṣejù ni.

Mo bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Mo ní, "Má bínú sí mi, nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì yẹn." Ó ní, "Bùọ̀dá mi, mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí á máa lọ, oòrùn ti ń mú." A gba ẹ̀bá omi náà padà. Ó di ọwọ́ mi mú pinpin, ó sì yára rìn, ṣùgbọ́n kò sá.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní orúkọ tí ó dára ju "àṣẹ́kù ìpayà" lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá a. Mo sì ń bẹ̀ yín, bí ẹ bá rí ẹni tí ń sá fún ekòló, ẹ fi sùúrù bi í léèrè ejò.